Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Àkọsílẹ̀ Dandelion Ilẹ̀ Grand Canyon àti Utah Wò Kí Ẹ Tó Yà Á Sórí Máàpù

Iṣẹ́ tó ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ nìyí: wọ́n á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gba àkọsílẹ̀ dandelion tí wọ́n hú ní ilẹ̀ aṣálẹ̀ gúúsù Utah àti àríwá Arizona sílẹ̀, wọ́n á sì da gbogbo rẹ̀ sórí máàpù lójú ẹsẹ̀. Máàpù náà á wuyì lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí dandelion kan láàárín ilẹ̀ Ṣáínà, òmíràn lára ògiri àpáta tí ènìyàn ò lè dúró lé, òmíràn sì wà nísàlẹ̀ adágún omi. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó jẹ́, òótọ́ ni yóò pa rẹ́, irọ́ ni yóò fi sílẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn bá a ṣe ń lọ: àmì kọ̀ọ̀kan lórí máàpù yẹn, ẹ̀rí ẹnì kan ni. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó hú ewéko, ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín bébà, ó kọ ibi tó ti rí i àti ọjọ́ tó rí i. Bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò la ṣe gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wá ìwé náà lẹ́nu wò.

Bí ẹ bá mọ ẹ̀fọ́ yánrin, ẹ ti mọ ìbátan dandelion. Launaea taraxacifolia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe yánrin, ìtumọ̀ apá kejì orúkọ náà sì ni "èyí tí ewé rẹ̀ jọ ti Taraxacum". Taraxacum ni dandelion. Ẹ já ewé méjèèjì, oje funfun bíi wàrà kan náà ni yóò sun. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, torí láti ọjọ́ náà ni dandelion ti dẹ́kun láti jẹ́ àlejò lójú mi.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kọ̀ǹpútà, àti ètò tó ń ṣí tábìlì bíi Excel tàbí LibreOffice.

Ojú ìwé SEINet, tí ọ̀pọ̀ ilé àkójọ ewéko gbígbẹ ní Arizona àti Utah ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí, àti GBIF, tó ń kó ti gbogbo ayé jọ. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. GBIF á ní kẹ́ ẹ fi orúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè gba fáìlì.

Máàpù USGS (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù ilẹ̀) tó ní ìlà gíga ilẹ̀. Ẹ má fi àwòrán sátẹ́láìtì nìkan ṣe é. Láti òkè, etí àpáta àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń jọra.

GEOLocate, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún wíwá ibi tí lébẹ́ẹ̀lì (ìwé pélébé tí wọ́n kọ ibi àti ọjọ́ sí lára bébà) ń sọ.

Ìwé àjákọ kan. Gbogbo ìpinnu tí ẹ bá ṣe lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ò ní rántí mọ́.

Ìpele 1: Ẹ gba fáìlì náà sílẹ̀ láìba nǹkan kan jẹ́

Orúkọ Taraxacum ni kẹ́ ẹ fi wá a, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ètò náà fi àwọn orúkọ àtijọ́ kún un. Àwọn lébẹ́ẹ̀lì ọjọ́ pípẹ́ máa ń kọ Taraxacum vulgare, Taraxacum dens-leonis, tàbí Leontodon taraxacum tí Linnaeus sọ ọ́ lọ́dún 1753. Lónìí, Taraxacum officinale la ń pe èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá tẹ "dandelion" lásán, ẹ ó kó ewéko míì mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ aṣálẹ̀ yẹn, "desert dandelion" ni wọ́n ń pe Malacothrix glabrata, "mountain dandelion" sì ni wọ́n ń pe Agoseris. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.

Nínú òpó tábìlì tó ń jẹ́ basisOfRecord, tó ń sọ irú àkọsílẹ̀ tó jẹ́, PreservedSpecimen (ewéko gbígbẹ tó wà nípamọ́) nìkan ni kẹ́ ẹ mú. HumanObservation jẹ́ ohun tí ẹnì kan rí tàbí tó ya fọ́tò rẹ̀, kò sí ewéko gbígbẹ kankan tí a lè padà lọ wò. Ó wúlò, ṣùgbọ́n inú fáìlì tirẹ̀ ni kó wà.

Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ síbì kan, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ lé. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí i nínú Excel, ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Ẹ gba ojú ìkówọlé rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo òpó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà tí akójọ ewéko (ẹni tó hú u) fún ìhúko rẹ̀, bíi "5-12", á di ọjọ́ oṣù, kò sì sí ẹni tó máa kìlọ̀ fún yín.

Àyẹ̀wò: iye ìlà tí ojú ìwé náà ní òun fún yín gbọ́dọ̀ bá iye ìlà inú tábìlì yín mu. Ẹ wo òpó recordNumber, níbi tí nọ́ńbà akójọ wà, láti òkè délẹ̀. Bí ọjọ́ oṣù kan bá wà níbẹ̀, ẹ tún un ṣí.

Ìpele 2: Ṣé dandelion ni lóòótọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, ibí yìí sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ ṣí àwòrán bébà kọ̀ọ̀kan tó bá ní àwòrán.

Bébà àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 29 ní ìbú àti 42 ní gíga. Lébẹ́ẹ̀lì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ewéko náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, gbòǹgbò rẹ̀ gígùn bíi ti kárọ́ọ̀tì á ti dúdú. Òdòdó tó pọ́n bí ìyeyè lóko á ti ṣá. Nígbà míì, ẹ ò ní rí òdòdó rárá, òwú funfun lẹ ó rí: orí dandelion máa ń gbó nìṣó nínú bébà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, tó bá fi máa gbẹ, ó ti bú. Àwọn hóró tó já bọ́ máa ń wà nínú àpòòwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bébà.

Ohun tí dandelion gbọ́dọ̀ ní rèé. Gbogbo ewé rẹ̀ wà nílẹ̀, yí ká gbòǹgbò. Ọ̀pá tó gbé òdòdó dúró jẹ́ ihò nínú, kò ní ewé kankan lára, kò yà, orí òdòdó kan ṣoṣo ló gbé. Lábẹ́ òdòdó, ìlà méjì ni ewé kéékèèké wà: ti inú dúró gan-an, ti òde tẹ̀ padà sísàlẹ̀ bí etí ajá. Hóró rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lápá òkè, lẹ́yìn náà ni ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan, lẹ́yìn ọrùn ni òwú.

Malacothrix glabrata kò ṣòroó yà sọ́tọ̀. Ewé rẹ̀ gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú ìránṣọ, ọ̀pá rẹ̀ máa ń yà, ó sì máa ń ní ju òdòdó kan lọ. Hóró rẹ̀ kò ní ọrùn.

Agoseris ni ẹlẹ́tàn gidi. Òun náà ní oje funfun, òun náà ní ọ̀pá tí kò léwé tó gbé òdòdó kan. Abẹ́ òdòdó ni kẹ́ ẹ ti mú un: kò ní ìlà òde tó tẹ̀ padà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo hóró: ti Agoseris ní ìlà gbọọrọgbọọrọ lára, kò ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́.

Ẹ̀yà dandelion míì tún wà níbẹ̀, Taraxacum erythrospermum, tí hóró rẹ̀ pupa bí bíríkì nígbà tó bá gbó, nígbà tí ti officinale jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé tó ṣá. Bí kò bá sí hóró tó gbó lára bébà, ẹ má jà á. Ẹ kọ Taraxacum, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Orúkọ tó mọ níwọ̀n tó sì jẹ́ òótọ́ sàn ju orúkọ kíkún tí a méfò lọ.

Ẹ ṣọ́ra: ìwé pélébé míì lè wà lára bébà, tí onímọ̀ kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀ láti tún orúkọ sọ. Èyí tó dé kẹ́yìn la sábà máa ń tẹ̀ lé, àmọ́ ẹ kọ ti àkọ́kọ́ náà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í sábà gbọ́ pé wọ́n ti yí orúkọ padà. Mo ti rí ìlà tó ṣì ń jẹ́ Taraxacum lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìwé tó wà lára bébà rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di Agoseris ní kedere.

Àyẹ̀wò: ẹ fi òpó kan kún tábìlì yín, kẹ́ ẹ kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta síbẹ̀: "mo rí hóró", "mo rí abẹ́ òdòdó nìkan", "kò sí àwòrán". Ìlà tí òpó yìí bá ṣófo, ẹ ò tíì wò ó nìyẹn.

Ìpele 3: Ẹ wá àwọn ìbejì

Akójọ ewéko sábà máa ń hú bíi mẹ́ta, mẹ́rin níbi kan náà, á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Flagstaff, ọ̀kan sí Provo, ọ̀kan sí Tempe. Nínú tábìlì, ASC, BRY àti ASU, ìyẹn àmì ilé àkójọ ewéko ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ ó rí. Ìhúko kan ni, ẹ má kà á sí mẹ́ta. Ẹ to tábìlì pẹ̀lú orúkọ akójọ, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ìbejì ni wọ́n.

Ẹ má pa ìkankan rẹ́. Ẹ fún wọn ní àmì kan náà, kẹ́ ẹ wá fi ibi tí wọ́n sọ wé ara wọn. Bí ọ̀kan bá sọ pé Utah, tí ìkejì sọ pé Colorado, ẹ ti rí àṣìṣe kan láìjáde nílé.

Ìpele 4: Ibo gan-an?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn. Ìlà òòró (longitude) ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní àmì àyọkúrò níwájú. Ó wà láàárín nǹkan bí -115 sí -109. Bí àmì yẹn bá já bọ́, dandelion Utah á ṣí lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Èyí tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì gbà ju kẹ́ ẹ dá àmì náà padà.

Lẹ́yìn náà, káúńtì, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ inú ìpínlẹ̀. San Juan County wà ní Utah, ó wà ní Colorado, ó wà ní New Mexico, ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pàdé níbì kan náà. Grand County àti Garfield County náà wà ní Utah àti ní Colorado. Ẹ má gba káúńtì gbọ́ láìrí orúkọ ìpínlẹ̀ lórí lébẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀.

Gíga ilẹ̀ ni olóòótọ́ jù nínú gbogbo wọn, tí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà. Ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn akójọ ilẹ̀ yẹn fi ń wọn gíga, òpó tábìlì sì ń bèèrè mítà. Òkè tó ga jù ní Utah, Kings Peak, kò kọjá 4,123 mítà. Ti Arizona, Humphreys Peak, kò kọjá 3,851. Nítorí náà, 7,000 nínú òpó mítà kò ṣeé ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà 7,000 ni, ìyẹn nǹkan bí 2,134 mítà.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní lébẹ́ẹ̀lì kan kà pé "Grand Canyon, ibi tútù lẹ́bàá ọ̀nà, 2,500 ft". Ẹni tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà wá orúkọ náà, ó sì fi àmì sí abúlé tó wà létí ìhà gúúsù. Abúlé yẹn ga tó nǹkan bí 2,100 mítà. Ẹsẹ̀ bàtà 2,500 kò tó 800 mítà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni, ní agbègbè Phantom Ranch lẹ́bàá odò Colorado. Lórí máàpù pẹrẹsẹ, kìlómítà díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Fún ewéko, ayé méjì ni: yìnyín ń bo òkè ní ìgbà òtútù, ìsàlẹ̀ ń jó bí ààrò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú "Grand Canyon" kan ṣoṣo, gíga lè fi ohun tó lé ní 1,500 mítà yàtọ̀. Lébẹ́ẹ̀lì tó bá sọ orúkọ yẹn nìkan láìsí gíga, ẹ má fi àmì sí i rárá.

Àwọn tó gba ojú omi kọjá ní ìṣirò tiwọn. Máìlì odò ni wọ́n ń kà, láti Lees Ferry tó jẹ́ máìlì 0. Phantom Ranch wà ní nǹkan bí máìlì 88, Diamond Creek ní nǹkan bí 226. Elzada Clover àti Lois Jotter, àwọn onímọ̀ ewéko Yunifásítì Michigan, gba ọ̀nà omi yìí lọ́dún 1938. Wọ́n gbéra láti ìlú Green River ní Utah lóṣù June, wọ́n sì ń tẹ ewéko sáàárín bébà bí ọkọ̀ ojú omi wọn ṣe ń la ìgbì kọjá. Bí ẹ bá rí "mile 88" lórí lébẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ wọ̀n ọ́n lójú títì. Ojú odò ni kẹ́ ẹ tọ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé gbogbo ibi tó ti yí.

Wàyí o, dandelion inú adágún. Ọdún 1963 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ìdídò Glen Canyon, Lake Powell, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún, kò kún tán títí di 1980. Ìhúko tó bá ṣáájú 1963 tí àmì rẹ̀ bọ́ sínú omi adágún náà lè tọ̀nà láìkù síbì kan: ilẹ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà náà, etí odò, ibi tí omi ti ń sun láti ara àpáta. Èmi fúnra mi ti yọ irú àwọn ìlà bẹ́ẹ̀ kúrò nígbà kan rí pé kọ̀ǹpútà sọ pé "àmì wà nínú omi". Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo mọ ohun tí mo ṣe, torí ilẹ̀ tí omi ti gbé ni wọ́n ń jẹ́rìí sí, kò sì sí ẹni tó tún lè lọ wò ó bó ṣe rí. Ẹ wo ọdún kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò.

Ó ku àwọn wọ̀nyí. Lébẹ́ẹ̀lì tó sọ Township, Range àti Section, ìyẹn ọ̀nà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin: section kan jẹ́ máìlì kan ní gbogbo ìhà, nítorí náà, ẹ fi àmì sí àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ 1,140 mítà sí òpó àìdánilójú, coordinateUncertaintyInMeters, tó ń sọ bí àmì náà ṣe lè jìnnà tó sí ibi gidi. Lébẹ́ẹ̀lì tó sọ NAD27: ìṣirò àtijọ́ tí wọ́n fi ń mọ ibi lórí ilẹ̀ ni, ó lè fi ohun tó lé ní 50 mítà yàtọ̀ sí ti òde òní, bó bá sì jẹ́ UTM (ọ̀nà tí wọ́n ń fi mítà kọ ibi), ó lè tó nǹkan bí 200. Ní oko pẹrẹsẹ, kò ṣe nǹkan kan. Ní ilẹ̀ yìí, ìyàtọ̀ etí àpáta sí ògiri rẹ̀ nìyẹn. Dandelion tó so mọ́ àárín ògiri, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń wá.

Ẹ ṣọ́ra: nọ́ńbà méje lẹ́yìn àmì ìdá kò túmọ̀ sí pé ó péye. Ìhúko 1950 kò ní GPS. Ẹnì kan ló jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tó méfò ibẹ̀. Òpó àìdánilójú tó ṣófo kò sì túmọ̀ sí òdo.

Àyẹ̀wò: ẹ to tábìlì pẹ̀lú ìlà ìbú àti ìlà òòró. Bí ìlà púpọ̀ láti ọwọ́ ènìyàn oríṣiríṣi bá ní ibi kan náà gẹ́lẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárín káúńtì tàbí àárín ọgbà ìjọba ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gíga ibi àmì kọ̀ọ̀kan lórí máàpù USGS, kẹ́ ẹ fi wé ti lébẹ́ẹ̀lì. Bí ìyàtọ̀ bá ju 100 mítà lọ, ẹ padà sórí lébẹ́ẹ̀lì.

Ìpele 5: Ọjọ́, àti ìrìn akójọ

Oṣù ló máa ń ṣáájú lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí náà, 6/7/1938 jẹ́ ọjọ́ keje oṣù June. Àwọn míì fi nọ́ńbà Róòmù kọ oṣù. Ọjọ́ kìíní oṣù January sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọdún nìkan ni wọ́n mọ̀, kọ̀ǹpútà ló fi ìyókù kún un. Dandelion tó tanná ní January létí ìhà àríwá Grand Canyon, tí yìnyín ń mú kí wọ́n ti ọ̀nà ibẹ̀ pa? Ẹ má gbà á.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí rèé. Ẹ padà sí SEINet, kẹ́ ẹ wá gbogbo ewéko tí akójọ yẹn hú lọ́sẹ̀ náà, kó má jẹ́ dandelion nìkan. Ẹ to wọ́n pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí 412 bá wà ní ìsun omi kan ní òwúrọ̀, tí 415 sì wà nísàlẹ̀ ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ kan náà, ẹ mọ ibi tí 413 ti wá, bí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tilẹ̀ ṣókùnkùn. Bí 413 bá ní òun wà ní 200 kìlómítà síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan ti ṣe àṣìkọ. Ẹ ó máa rí ènìyàn náà tó ń rìn: ọjọ́ tó dúró níbi kan, ọjọ́ tí kò hú nǹkan kan.

Ìpele 6: Àwọn ibi tó ṣófo

Máàpù yín ti mọ́ tó báyìí kẹ́ ẹ lè kà á. Ẹ ó rí àmì lẹ́bàá ọ̀nà, ní ibùdó àgọ́, létí odò, ní pápá oko tútù tó wà lókè. Ẹ ó rí àlàfo ńláńlá láàárín wọn. Ẹ má yára sọ pé kò sí dandelion níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé ilẹ̀ náà gbẹ jù fún un, torí dandelion fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀, tàbí pé onímọ̀ dé ibẹ̀, ó rí dandelion, ó sì kọjá lára rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi àyè inú ẹrù rẹ̀ gbé koríko tó wà lẹ́yìnkùlé gbogbo ènìyàn, nígbà tí òdòdó ṣọ̀wọ́n wà lára àpáta?

Ọ̀nà kan wà láti fi mọ̀. Ẹ ka iye gbogbo ìhúko, irú ewéko yòówù, tó ti àlàfo náà wá. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan, tí àwọn ewéko etí omi wà nínú wọn, tí Taraxacum ò sì sí níbẹ̀, àìsí rẹ̀ ní ìtumọ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta péré, ẹ fi àlàfo náà sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: ẹ mú ìlà mẹ́wàá láìṣà wọ́n, kẹ́ ẹ fún ẹlòmíì ní ìwé àjákọ yín àti àwòrán bébà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kó wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fúnra rẹ̀ láìwo máàpù yín. Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti yà síra, inú ìwé àjákọ ni kẹ́ ẹ ti wá ìdí rẹ̀. Bí ìdí náà ò bá sí níbẹ̀, ìlà yẹn padà sí Ìpele 2.